Màmá, Wọ́n Ní Ọ̀gá Làwọn Fẹ́ Rí

Màmá wa, ọdún márùn-ún gbáko ló pé lónìí tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún márùn-ún! Ẹ má bínú pé àìbalẹ̀ ọkàn la fi ń ṣe ìrántí yín lọ́dún yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ èyí tó dára. Ṣọ́ọ̀bù yín nílùú òyìnbó níbí ṣì ń ṣí. Ìyá Kékeré, àkọ́bí yín obìnrin, ló ń tún fíríìjì ṣe níbẹ̀, ó sì ti mọ̀ ọ́n ṣe débi pé tó bá ti fetí sí bó ṣe ń kùn, ó ti mọ ibi tó ń dùn ún. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti di nọ́ọ̀sì. Ọmọ-ọmọ tí ẹ fi sílẹ̀ nínú oyún ti ń kàwé, ó sì lẹ́nu bíi tiyín.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá náà ò lọ, Màmá. Ọ̀gá tí ẹ fẹnu dá sílẹ̀!

A ò gbàgbé bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà yín, òyìnbó lọ́pọ̀ jù, á wọlé, wọ́n á wo àwọ̀ yín, wọ́n á wo yẹtí etí yín, wọ́n á wá máa yọjú wo ẹ̀yìn yín: "Ọ̀gá dà?" Tí ẹ bá ní ẹ̀yin ni, wọ́n á gbé fíríìjì wọn padà sínú ọkọ̀. Nígbà tó sú yín, ẹ ní Ọ̀gá wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ẹ ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ẹ ó tún un ṣe, ẹ ó nuwọ́, ẹ ó jáde: "Ọ̀gá ní kẹ́ ẹ má gbé e sún mọ́ ògiri mọ́ o." Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá. Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òyìnbó ni, ẹ ò sì sọ pé ọkùnrin ni. Àwọn ló fi ọkàn ara wọn yà á bẹ́ẹ̀.

Ìyá Kékeré jogún irọ́ náà mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń fi ìbọ̀sẹ̀ ránṣẹ́ sí Ọ̀gá nígbà òtútù! Àbúrò rẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́.

Oṣù tó kọjá ni wàhálà dé. Ilé-ìwòsàn ńlá kan fẹ́ ká máa bá wọn tọ́jú gbogbo fíríìjì tí wọ́n ń kó oògùn sí. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn èèyàn ò tún fíríìjì ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, tuntun ni wọ́n ń rà. Tí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ wa, a ó ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá rí Ọ̀gá lójúkojú.

Àyà Ìyá Kékeré já. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ló bá lọ bẹ bàbá òyìnbó tó ń ṣe búrẹ́dì ní ìkángun òpópónà wa pé kó wá ṣe bí ẹni pé òun ni Ọ̀gá. Ikùn bàbá náà nìkan tó ọ̀gá! Ìyá Kékeré wọ aṣọ iṣẹ́ fún un, ó ní kó sáà máa mi orí, kó máa húkọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù ló bà á, Màmá, kì í ṣe pé kò kà yín sí.

Àwọn ará ilé-ìwòsàn dé, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Wọ́n bọ bàbá oníbúrẹ́dì lọ́wọ́, wọ́n sì kó kóòtù wọn lé Ìyá Kékeré lọ́wọ́ pé kó bá àwọn gbé e kọ́. Obìnrin náà béèrè ìdí tí fíríìjì àwọn kan fi ń dì ní apá kan, tí apá kejì ń gbóná. Bàbá mi orí. Ó tún un béèrè. Bàbá húkọ́. Ìyá Kékeré dúró pẹ̀lú kóòtù méjì lọ́wọ́, ìdáhùn ń yún un lẹ́nu.

Ló bá kó kóòtù sílẹ̀. "Fáànù inú rẹ̀ ni ò yí mọ́. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, oògùn yín á bàjẹ́."

Ọkùnrin náà yíjú sí bàbá. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá?"

"Bàbá yìí kọ́ ni ọ̀gá," ọmọ yín dáhùn. "Búrẹ́dì ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀gá wa ti kú, ó ti ń lọ sí ọdún márùn-ún. Ìyá tó bí mi ni. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́."

Obìnrin náà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ọkùnrin náà mú kóòtù, wọ́n ní àwọn á pè wá. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé, wọn ò tíì pè. Tí fóònù bá ti dún báyìí, ọkàn gbogbo wa á fò sókè, ẹlòmíì ni. Ìyá Kékeré ń bi wá léraléra bóyá òun ti ba ohun tí ẹ fi ọwọ́ yín kọ́ jẹ́.

Ó dùn wá, Màmá, ó dùn wá gan-an! Ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ fi ń ṣiṣẹ́ tí ẹlòmíì ń gba ọpẹ́ rẹ̀, ẹlòmíì tí kò sí níbì kankan. Ẹ lọ láìjẹ́ pé ẹnì kan pè yín ní ohun tí ẹ jẹ́. Àwa gan-an ò pè yín bẹ́ẹ̀ rí.

Bí wọ́n pè wá, bí wọn ò pè wá, àárò yín ń sọ wá, a sì fẹ́ràn yín. Ẹ sinmi, Ọ̀gá wa.