Ọ̀gá Òtítọ́ àti Ìyàwó Rẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta

Ilé dá. Àlejò ti lọ tán, àwọn àga tí a yá ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni wọ́n. Ó ku èmi àti Màmá àti aṣọ Bàbá. Mo gba ìsinmi nílé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà kí n lè bá a jókòó.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la sin Ọ̀gá Òtítọ́. Orúkọ tí èmi àti àbúrò mi fi ń pe Bàbá lẹ́yìn nìyẹn. Pa irọ́ kékeré kan báyìí, oúnjẹ alẹ́ rẹ ti wọgbó. Alàgbà nínú ìjọ. Nọ́ọ̀sì ní ọsibítù títí ó fi fẹ̀yìn tì — lẹ́yìn ìyẹn ó ń gbé báàgì kiri ilé àwọn arúgbó, ó ń fọ egbò táwọn ọmọ wọn ò lè wò. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní Jésù ò béèrè owó kó tó fọwọ́ kan adẹ́tẹ̀.

Olùṣọ́ ìjọ wa yà wá lónìí. Ìsìn ìrántí di ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé èyí tó ń bọ̀. Wọ́n á sì fi Màmá jẹ Ìyá Ìjọ! Màmá ní, "Ẹ ṣeun, Olùṣọ́," ó dìde láti lọ bu omi fún un. Omi ò dé. Mo bá a ní kíṣìnnì, ó di etí síǹkì mú, ó ń wo ògiri.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

A ń to aṣọ. Ìbọ̀sẹ̀ ọkùnrin yìí! Kò sí èyí tó bá èkejì rẹ̀ mu.

Ọjọ́rú, 6

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ eléyìí.

Mo wá okùn lọ sí yàrá ẹ̀yìn tí à ń kó àpótí sí. Ọ̀sán gangan. Mo ṣílẹ̀kùn — Màmá ló wà nílẹ̀. Mo fẹ́ ké, mo rò pé ó ṣubú ni. Kò ṣubú. Ó forí kanlẹ̀ lórí ẹní. Ó ń kírun.

Ìyá mi. Tó ń gbé ohùn kejì nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Kò yára. Ó ṣe é parí, ó yí ojú sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ká ẹní. Ó bi mí pé kí ni mò ń wá. Mo ní okùn. Ó nawọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó mú un fún mi. Àwa méjèèjì wá dúró. Omi ti tán lẹ́yìn ẹja.

Mo ní, "Màmá, láti ìgbà wo?"

Ó ní, "Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi."

Ọjọ́bọ̀, 7

Màmá là á fún mi lónìí.

Ó ń lọ aṣọ, ó ń sọ̀rọ̀, kò wojú mi. Bàbá tó bí Bàbá jẹ́ oníwàásù. Ó ní ọmọ Mùsùlùmí ò ní wọlé òun àfi tó bá ṣèrìbọmi. Màmá ní, "Oyún rẹ sì ti wà ńkọ́?" — Oyún mi! Ọ̀gá Òtítọ́! — "Mo gbà kí wọ́n ṣe é. Orí mi ni omi náà kàn. Ọkàn mi ò kúrò níbi tó wà."

Mo bi í bóyá Bàbá mọ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìlóye. "Ta lo rò pé ó ra ẹní yẹn?"

Àdúrà òwúrọ̀ wa nìyẹn o. Lójoojúmọ́, Bàbá á kó wa jọ sí pálọ̀, á máa kọrin bí ẹni pé adití ni Ọlọ́run. A ní Màmá ń se oúnjẹ àárọ̀. Ariwo yẹn, kí a má baà gbọ́ ìyá wa ni.

Ààwẹ̀ ńkọ́? Oṣù kan lọ́dọọdún, tọkọtaya. Oṣù náà kì í dúró sójú kan: bó bọ́ sí òjò lónìí, tó bá yá, a bọ́ sí ẹ̀ẹ̀rùn. Àwa ní Ẹ̀mí ló ń darí Bàbá. Olùṣọ́ tilẹ̀ fi wàásù! Mo rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ẹkún.

Bàbá yìí kan náà ló máa ń sọ pé bí irọ́ lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòtítọ́ á bá a.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Màmá wẹ̀, ó wọṣọ, ó jáde lọ́sàn-án. Mi ò bi í níbi tó ń lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Kò sí bí mi ò ṣe ní sọ fún Adájọ́. Àbúrò mi nìyẹn — láti kékeré ló ti ń dá ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbé wá bá a. Ó ti wá di oníwàásù báyìí. Ó wakọ̀ wá, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ tan Bàbá jẹ."

Màmá ní, "Bàbá yín ò ṣeé tàn jẹ."

"A jẹ́ pé Bàbá ló tan Ọlọ́run jẹ."

Màmá gbọ́wọ́ sókè. Mo rò pé ìgbájú ló kàn. Ó gbé e wálẹ̀. "Bàbá yín ní kò sẹ́ni tó lè parọ́ fún Ọlọ́run. Wọ́n ní ìjọ nìkan là ń parọ́ fún. Kò sí ọjọ́ tí wọn ò tọrọ àforíjì rẹ̀."

"Gbogbo ọjọ́ Àìkú yẹn, Màmá, kí lẹ wá ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Mo jókòó ti ọkọ mi ni."

Adájọ́ lọ. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 10

A ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ránṣẹ́ wá wò bóyá ara Màmá ò yá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Ti òní ló burú jù.

Mo kàn bi Màmá pé, ṣé Bàbá ò ro ọjọ́ ikú ni? Ibi tí kálukú máa sùn?

Ó ní Bàbá rò ó. Nígbà àìsàn, ó sọ fún Olùṣọ́, ó sọ fún Adájọ́, mo sì wà níbẹ̀: kí a sin òun sí itẹ́ òkú ìlú, níbi tí wọ́n ti ń sin tolórí tẹlẹ́mù. A yìn ín. A ní ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀! Alàgbà pàtàkì, sí itẹ́ ìlú? A gbé e lọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ ò sì lè sùn níbẹ̀.

Itẹ́ ìlú ò bi òkú ní ẹ̀sìn tó ń ṣe. Ibẹ̀ ni Bàbá àti Màmá jọ fẹnu kò pé àwọn á sùn.

Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Kí n ní kí ni? Ẹ̀ ń sunkún, ẹ̀ ń kọrin, ẹ̀ ń bọlá fún wọn. Ibo ni n bá ti bẹ̀rẹ̀?"

Ọlá la fi yà wọ́n. Ọlá!

Ọjọ́rú, 13

Mo pe Adájọ́, mo sọ ti itẹ́ fún un. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, ó já fóònù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

Màmá ní lọ́la lòun máa sọ fún wọn. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó kọ oyè náà, kó ní ó ti rẹ òun. Ó ní, "Àwa méjì là ń ru irọ́ yìí. Ó wúwo jù fún ẹnì kan."

Ọjọ́ Àìkú, 17

Kíákíá, kí n tó gbàgbé bó ṣe lọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Àwọn arúgbó tí Bàbá fọ egbò wọn wà níwájú. Wọ́n jẹ́rìí, wọ́n sunkún. Olùṣọ́ pe Màmá. Ó gba makiroofóònù, kò gbọ̀n. "Ẹ ṣeun tí ẹ fẹ́ràn ọkọ mi. Mi ò lè jẹ Ìyá Ìjọ. Mùsùlùmí ni mí. Ọkọ mi mọ̀. Ẹ má bínú."

Arúgbó kan tí etí rẹ̀ ti di ké pé, "Kí ló wí?" Ẹni tó jókòó tì í tún un sọ sí i létí, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹnì kan pòṣé. Ẹnì kan ní ẹ̀jẹ̀ Jésù.

Bẹ́ẹ̀ ni mo rí Adájọ́. Mi ò mọ̀ pé ó wá. Ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ le bí òkúta. Mo ní ó tán, ó fẹ́ dójú ti ìyá wa. Ó gba makiroofóònù lọ́wọ́ Màmá. Ó ní, "Bàbá mi bẹ̀ wá pé ká sin àwọn sí itẹ́ ìlú. Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mò ń tọrọ òkú bàbá mi lọ́wọ́ yín."

Màmá yíjú sí i bí ẹni tí kò rí i rí.

Olùṣọ́ ní ká gbàdúrà. Kò sẹ́ni tó dijú.

Ọjọ́ Ẹtì, 22

Àwọn alàgbà ṣèpàdé. Wọ́n ní ká wá gbé òkú Bàbá. Kì í ṣe àánú — wọn ò fẹ́ ẹni tó tan ìjọ jẹ nínú ọgbà wọn mọ́. Ọkùnrin tó fọ egbò ìyá wọn. Mo ní kí n sunkún, omijé ò wá.

Màmá ní, "Wọ́n rò pé ṣe làwọn lé bàbá yín jáde." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kún fún omi.

Adájọ́ ti lọ bá àwọn agbẹ́lẹ̀ ní itẹ́ ìlú. Ó fóònù láti ibẹ̀, ó ní àwọn ti wọn ilẹ̀ ẹni méjì.

Màmá ní ká sọ fún un kó má kánjú gbẹ́ èkejì.