Igbá Ẹlẹ́ja Méjì

Ọjọ́bọ̀, 4 Sẹ́ptẹ́ńbà 1980

Gbèsè ná, kí á tó kí ara wa. Owó igbá, náírà kan ààbọ̀: mo ti san án fún Àwáwù onígbá, n kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Mo jẹ Àgbà Omi, òmùwẹ̀ wa, ní iṣu méjì fún ìkọ́ni, n óò gbé e fún un lọ́jọ́ Àìkú. Èyí tí mo jẹ Ọmọ́wùmí wà níbi tó wà. Kò sí iṣu tó lè san án.

Ó yá, ìwé mi, a kú ọjọ́ mẹ́ta.

Afárá onígi tó wà lórí odò Òfìkì ti lọ. Omi gbé e ní ìparí oṣù tó kọjá, àtòpó àtìṣó. Ọmọ mi Ọmọ́wùmí wà lódìkejì, ní abà Ọlágòkè, nílé ọkọ, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án. Ọ̀nà mọ́tò tó yí gba Ìṣẹ́yìn ti já níbi méjì. Bí àwọn ìyá wa ti ń sọdá kí afárá tó dé náà ló kù: igbá.

Igbá ńlá tó lanu. Ẹrù á wà nínú rẹ̀. Ìwọ wà lápá kan, òmùwẹ̀ wà lápá kejì, ẹ ó di ara yín lọ́wọ́ mú lórí igbá, àyà yín á lé etí rẹ̀, òmùwẹ̀ á máa fi ẹsẹ̀ tì yín lọ. Mo ṣe é dáadáa nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Mo ti pé mẹ́tàdínláàádọ́ta báyìí. Irú igbá tí mo lò nígbà náà ni mo rà. Mo sọ ọ́ ní Wúndíá.

Kí n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí n má baà fi ẹ̀rù ṣe àwáwí. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí Ọmọ́wùmí ń rọbí, mo dúró ní gáréèjì, mò ń bá dẹ́rẹ́bà yọwó àádọ́ta kọ́bọ̀. Mọ́tò lọ. Mo dé abà lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti sin ọmọ. Ìwọ́ ló wé mọ́ ọn lọ́rùn, kò sì sí ọwọ́ àgbà tó mọ bí a ṣe ń tú u. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ọwọ́ mi yìí ti tú irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ́wùmí kàn wò mí. Kò bú mi. Ó sàn kó bú mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 5

Aṣọ funfun wà lórí igi apá lódìkejì. Àdéhùn wa nìyẹn, Àgbà Omi ló wẹ̀ lọ ṣe é kí omi tó le: funfun, àlàáfíà ni, pupa, ìrọbí ti dé. Mò ń lọ wò ó ní àràárọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 7

Ojú tì mí.

Lẹ́yìn ìsìn ni mo lọ bá Àgbà Omi ní ìpadò. Ògúndìran ni orúkọ rẹ̀, òun ló ń gbé èmi àti ìyá mi sọdá nígbà náà. Ó ti lé ní ọgọ́ta, apá rẹ̀ ṣì dà bí ìrókò. Igbá tirẹ̀ ti fọ́, pákó afárá tó ń wọ́ bọ̀ ló gbá a. Ó wo Wúndíá, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Àyìnkẹ́, ta lo ra èyí fún?”

Mo ní fún ara mi. Ó ní ara wo.

A wọ ibi tí omi ò ti ju ìdodo lọ. Mo gbé àyà lé etí igbá. Wúndíá rì bí ẹni ń kúnlẹ̀ kí ìyálé. Mo mu Òfìkì yó. Olúkúnlé, dẹ́rẹ́bà tó ń ná Àgọ́-Àmọ̀dú, ń fọ mọ́tò rẹ̀ lẹ́bàá ibẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. “Ìyá Wùmí, ṣé ẹ fẹ́ di ẹja lọ́jọ́ alẹ́ yín ni?”

Àgbà Omi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní igbá kò mọ̀ pé o ti ṣe é rí. Ara tí o gbé wá lónìí nìkan ló mọ̀. Èyí tó bá kéré, á rì. Èyí tó bá tóbi jù, ọwọ́ rẹ kò ní kan ọwọ́ ẹni tó ń gbé ọ, ibi tí odò bá sì ti já yín, ó parí. “Wá èyí tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ á lé etí rẹ̀, tí ọwọ́ wa á sì fi bára.”

Ó gba iṣu rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Ọjọ́ ọjà. Mo rí i! Ìbú rẹ̀ tó ilẹ̀kùn àká. Àwáwù pe náírà mẹ́fà. Mo ní náírà méjì, kí a lè bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ó ní kí n máa gbé e lọ.

Àwáwù tí kì í dín kọ́bọ̀ kù fún ìyá tó bí i.

Mi ò kúkú ya òpè. Ojú ibi tó ti là kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n rán, tí wọ́n fi ìda oyin dí, ó gùn tó ìka mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n pọn omi kún un. Mo ka ení, èjì, títí dé igba. Kò jò ní ẹ̀kán kan. Mo san owó. Mo sọ ọ́ ní Ìyáàfin. Mo jèrè náírà mẹ́rin lónìí.

Ọjọ́bọ̀, 11

N kò jèrè nǹkan kan.

Mo gbé Ìyáàfin lọ sí ìpadò. Àgbà Omi na ọwọ́, mo na ọwọ́, ọwọ́ wa bára ní ọrùn ọwọ́ gééré. Ó ní ìwọ̀n rẹ̀ pé. Inú mi dùn. Mo wá ń ròyìn bí mo ṣe dán an wò.

Ó ní, “Omi inú lo fi dán an wò?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ìṣasùn lo fẹ́ rà ni? Inú ni ìda wà. Bí omi bá wà nínú, á máa tẹ ìda mọ́ igbá, kò lè jò. Òde ni odò máa gbà wọlé, á máa ti ìda náà kúrò.”

Ọgbọ́n ilé ìdáná ni mo gbé wá sódò. Gbogbo ìgbésí ayé mi, ohun tí igbá lè gbà dúró ni mo ń wò, n kò ronú kan ohun tó ń fẹ́ wọlé.

Ó dojú igbá bolẹ̀. Ẹja méjì wà ní ìdí rẹ̀, wọ́n fi irin gbígbóná jó o síbẹ̀, orí ọ̀kan kọjú sí ìrù èkejì. Ó gbé ọwọ́ kúrò lára igbá bí ẹni fọwọ́ kan iná.

Igbá Ìyápọ̀ ni. Òmùwẹ̀ ará Àgọ́-Àmọ̀dú. Lóṣù keje ọdún tó kọjá, ó gbé ẹrù wọ Òfìkì lápá òkè, kò jáde. Nínú koríko ni wọ́n ti rí igbá. Àgbà Omi ní kò sí ẹni tó mọ omi tó o láti Ṣakí débí.

“Igbá ló pa á àbí odò, mi ò mọ̀. Mi ò sí níbẹ̀. Mi ò ní wọ omi pẹ̀lú rẹ̀ títí n ó fi mọ̀.”

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Mo gbéjà lọ bá Àwáwù. Ó ń jẹ obì, kò dìde. “Ìyá Wùmí, ẹ ò bi mí. Ẹ ti rí ọ̀pọ̀, ẹ ń sáré kí n má baà yí ohùn padà. Ṣé ẹ bi mí?”

N kò bi í. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Ó ní kí n dá a padà, òun á dá owó mi padà. Mo bi í pé òmíràn ńkọ́. Ó ní àwọn tuntun ṣì tutù lórí ìtàkùn, ó di ìgbà ọyẹ́ kí wọ́n tó gbó. Ìgbà ọyẹ́! Ọmọ náà á ti máa rá.

Mo gbé Ìyáàfin padà sílé. Mo da ojú rẹ̀ kọ ògiri.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Àgbà Omi wá fúnra rẹ̀. Ó ha ìda àtijọ́ kúrò, ó tún ojú rírán náà rán, ó yọ́ ìda tuntun, ó fi dí i láti òde. Kò gba owó. Ó ní òun kò tíì ṣèlérí.

Mo ronú kan ọ̀rọ̀ kan, mo sọ ọ́ fún un, ó ní obìnrin ni mí lóòótọ́. Ẹrù wà nínú igbá Ìyápọ̀ nígbà tí wọ́n rí i. Bí ẹrù náà bá gbẹ, igbá kò jẹ̀bi, odò ló mú ọkùnrin náà. Bí ó bá tutù, igbá ló pa á.

Ìyàwó Ìyápọ̀ á mọ̀. Àdìjátù ni wọ́n ń pè é. Mo kọ ìwé sí i: mo kí i kú àṣẹ̀yìndè, mo bẹ̀ ẹ́ kó má bínú. Ìbéèrè kan péré. Ṣé ẹrù inú igbá gbẹ, àbí ó tutù?

Olúkúnlé á mú un lọ lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ẹtì ló ń padà.

Ọjọ́ Àìkú, 14

Kò sí aṣọ lórí igi.

Ọjọ́ Ajé, 15

Aṣọ ti padà. Funfun. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka ìsàlẹ̀ ni wọ́n so ó sí, ibi tí ẹni tó dúró nílẹ̀ á nawọ́ kàn. Ọkọ Ọmọ́wùmí ló máa ń gun igi so ó sókè. Ta ló so èyí? Ibo ni ọkọ rẹ̀ wà? Mo pariwo títí ohùn mi há. Odò gbé ariwo náà mì.

Olúkúnlé ti lọ. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí. Ó fi ìwé náà sínú fìlà rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

A kó òkúta sínú Ìyáàfin, a so ó mọ́ èèkàn ní etí omi, láti ìyálẹ̀ta di ọ̀sán. Nígbà tí a kó òkúta kúrò, mo fi ìka tọ́ ojú rírán náà wò. Ó rin. Bí ìgbà tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ bá làágùn.

Òjò wínníwínní ti rọ̀ díẹ̀. Ó lè jẹ́ òjò. Àgbà Omi fi ìka tirẹ̀ tọ́ ọ wò, ó fi kan ahọ́n, bí ẹni pé omi odò àti omi òjò ní ìtọ́wò méjì.

“Ẹ jẹ́ ká dúró de Ẹtì,” ni mo wí. Ó gbà.

Ọjọ́rú, 17

Omi fà sẹ́yìn ní ìbú ọwọ́ kan. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run dúdú lápá Ṣakí. Àgbà Omi ní ohun tó bá rọ̀ níbẹ̀ lónìí, ọ̀la lálẹ́ ló máa dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí igbá tó máa sọdá fún ọ̀sẹ̀ kan.

Aṣọ funfun. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 18

Pupa.

Mo rí i kí oòrùn tó yọ dáadáa. Mo kọ́kọ́ rò pé òwúrọ̀ ló kùn ún. Mo súnmọ́ omi. Pupa ni.

Àgbà Omi ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, ó ti bọ́ fìlà. Ó ní, “Mo gbé ìyá rẹ sọdá odò yìí ní ọjọ́ tó ń lọ gbẹ̀bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí mo bá dúró wò ọ́ lónìí, kí ni n óò wí fún un lọ́run?” Ó dá iye owó lé mi: náírà márùn-ún, kí n fi lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ kí a tó wọ omi. Ọgọ́rin kọ́bọ̀ ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. N kò yọwó. Mo kà á sí obìnrin náà lọ́wọ́, kò dúpẹ́, èmi náà kò retí rẹ̀.

Mo sáré wálé wá mú abẹ tuntun, òwú, ọṣẹ àti ìró mímọ́ kan. Wúndíá ni mo kó wọn sí, a óò so ó mọ́ Ìyáàfin lẹ́yìn. Kò lè gbé mi, ṣùgbọ́n kò jò rí. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí wa, ẹni tó bá rí Wúndíá nínú koríko á rí abẹ tó gbẹ, ó lè ronú ibi tó yẹ kó gbé e lọ.

Ìda òde ń dán. Mo tún fọwọ́ ra á. N kò mọ̀.

N kò kọ gbèsè sílẹ̀. Èyí tó kù, òdìkejì ni mo ń lọ san án.

Mo fi ìwé yìí sílẹ̀ lórí tábìlì, ní ṣíṣí. Mo fi ìlà kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kan péré, gbẹ tàbí tutù. Mo ti bẹ ìyàwó Àgbà Omi pé kó ní kí Olúkúnlé gbé èsì Àdìjátù wá sílé tààrà, kó má fi sí gáréèjì, kó bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ bí kò bá bá mi.

Ọ̀la ni. Ọjọ́ Ẹtì.