Ìwé Àṣẹ Tí O Ní Kí N Má Kọ

Yàrá Kọ̀ǹpútà,
Ilé Ìkàwé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi,

Mi ò fi "ọ̀wọ́n" kún un lónìí, wàá sì mọ ìdí ẹ̀ láìpẹ́.

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti lọ? Ẹsẹ̀ màmá rẹ tó ń dùn wọ́n, ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo kí gbogbo wọn, torí wọn ò ṣẹ̀ mí. Iṣẹ́ tuntun náà ńkọ́? Mo gbọ́ pé àga ọ́fíìsì yín máa ń yí po. Ẹ kú ìgbádùn o.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ilé ìkàwé pè mí, ó na lẹ́tà kan sí mi. Ilé iṣẹ́ rẹ ló kọ ọ́. Wọ́n ní àkójọ ọ̀rọ̀ tó ń bá èèyàn tún àmì ohùn ṣe lórí àwọn kọ̀ǹpútà wa, tiwọn ni, ká pa á rẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àkójọ wo? Èyí tí èmi àti ìwọ fi ọdún mẹ́rin tẹ̀, ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, tí à ń fi ọwọ́ kan jẹun, tí à ń fi ìkejì tẹ ọ̀rọ̀? Torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lágbára àtira ètò ìkọ̀wé olówó gọbọi la ṣe ṣe é, tí a fi sínú ètò ìkọ̀wé ọ̀fẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni lè ṣí inú ẹ̀ wò, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn.

Mo kọ́kọ́ rò pé àṣìṣe ni, mi ò tíì wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà. Mo wá ètò tuntun tí ẹ̀ ń tà, mo tẹ "Ẹlẹ́sẹ̀-tín-ín-rín" sínú ẹ̀, ìnagijẹ tí màmá mi fi ń pè mí kí wọ́n tó kú, tí mo yọ́ fi sáàárín àkójọ wa, tí ìwọ nìkan mọ̀. Ìlà pupa tó máa ń fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò bá mọ̀, kò fà á. Mo sunkún lórí àga.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí a parí ẹ̀? Mo ní ká kọ ìwé àṣẹ kan péré sí i, ká fi orúkọ wa méjèèjì síbẹ̀, pé kí gbogbo èèyàn máa lò ó, kí wọ́n máa pín in, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tì í pa. O rẹ́rìn-ín kèèkèè. O ní ṣé mo fẹ́ di lọ́yà ni, ta ló máa jí ohun ọ̀fẹ́? Èmi òmùgọ̀ sì gbà. Lọ́yà gidi tí mo wá fọ̀rọ̀ lọ̀ báyìí ní kò síwèé, kò sórúkọ mi níbì kankan, ẹnu lásán ni mo fẹ́ fi jà. Orúkọ tìrẹ wà nísàlẹ̀ lẹ́tà ilé iṣẹ́ rẹ o. Ìwọ lo buwọ́ lu lẹ́tà yẹn, o ní ìwọ nìkan lo ṣe é.

Ọ̀gá mi ò fẹ́ ẹjọ́. Èmi ni mo sì ń bójú tó yàrá yìí, nítorí náà, ọwọ́ èmi náà ni mo fi pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà méjìlélógún, lọ́kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń kọ ìwé àṣekágbá ẹ̀ ló jókòó sídìí èyí tó kẹ́yìn. Ojú ẹ̀ báyìí ni gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ ṣe kún fún ìlà pupa. Ó ní Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣe nǹkan yìí fún wa tẹ́lẹ̀, kí òun lè lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n.

Bá mi kí ọmọ. Má wulẹ̀ fèsì.

Èmi tí mo ti jẹ́ tìrẹ rí,
Alámì-ohùn