Ọwọ́ Tí Ẹ Fi Ọ̀já Dè

Ilé Àǹtí Folúkẹ́,
St. Georg, Hamburg.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹfà.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ilé àbúrò yín. Mo nírètí pé ara yín le, pé ẹ̀yìn tó ń dùn yín láti ìgbà tí ẹ ti gbé àwọn àgbá ẹrù ọjọ́sí ti ń san. Ẹ bá mi kí Màámi àti Déọlá àbúrò mi. Ara tèmi náà le, àyàfi èjìká tó ń ro mí díẹ̀, òun náà ló sì fà á tí mo fi ń kọ̀wé.

Ẹ ò rí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá. Mo mọ̀ pé àwọn akọrin á ti bi yín. Ẹ má sọ fún wọn pé ara mi ò yá. Ẹ sọ pé Adéfọláhàn lọ ju bọ́ọ̀lù ní Hamburg, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ẹ ti kìlọ̀ fún mi ní Ọjọ́bọ̀ pé, “Ọmọ ogún ọdún kì í ṣeré kiri, Ausbildung ni kí o wá lọ, kí o kọ́ṣẹ́.” Mo gbọ́, mo sì lọ. N kò ní tọrọ àforíjì fún ìyẹn.

Ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù kan tó ń sanwó oṣù fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ló ṣí pápá sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ogún ọdún, kó wá fi ohun tó lè ṣe hàn. Oṣù tó ń bọ̀ ni n ó pé ogún, kò sí ẹ̀ẹ̀kejì fún mi. Lukas, olùkọ́ béésìbọ́ọ̀lù wa ní àdúgbò Wedding ní Berlin, ló fi orúkọ mi sílẹ̀. Àwa bí àádọ́rin la wá, wọ́n lẹ nọ́ḿbà mọ́ wa láyà, wọ́n ní mẹ́jọ péré ló máa kù tó bá di ọ̀sán.

Bọ́ọ̀lù náà kò tóbi ju ọsàn lọ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tó ń ka bí ó ṣe yára tó. Nígbà tó kàn mí, mo fi ọwọ́ ọ̀tún jù ú, ẹ̀rọ sì ka ọgọ́rùn-ún kìlómítà ó lé méjìdínlógún ní wákàtí kan. Ọkùnrin arúgbó tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ kò mọ̀. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń jù ú dáadáa. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń jù ú lu ògiri ilé ìkẹ́rù yín ní Lichtenberg tí ẹ bá ti lọ sílé. Ọ̀dà tó bó lára ògiri yẹn, tí ẹ ń torí rẹ̀ bá onílé jà, èmi ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí ewú lórí ọkùnrin yẹn lánàá, ọwọ́ òsì mi sá pamọ́ sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí àgbàlagbà bá ti dúró níwájú mi. Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí ẹ fi ọ̀já Màámi dè é mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ nídìí oúnjẹ, tí ẹ ní, “N kò ní tọ́ ọmọ tí wọ́n á fi bú mi.” Oṣù mẹ́rin ni mo fi jẹun bẹ́ẹ̀.

Mo ti bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, mo jókòó, mo ń retí kí wọ́n ní kí n máa lọ, ni bọ́ọ̀lù méjì bá yí dé ẹsẹ̀ mi. N kò ronú. Mo fi ọwọ́ òsì sọ ọ̀kan padà láti etí pápá, ó sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń gbá a mú lódì kejì. Arúgbó náà gbójú sókè. Ó rìn wá bá mi, ó nawọ́ fún bọ́ọ̀lù kejì. Mo yára gbé e sí ọwọ́ ọ̀tún, mo tẹ̀ ba, mo gbé e fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi pààrọ̀ ọwọ́. Mo ní, “Bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀.” Ó ní, “Bàbá rẹ ò sí níbí.” Kò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀ gbọingbọin.

Mo yọ ìbọ̀wọ́ kejì tí mo fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ báàgì, èyí tí mo máa ń wọ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún tí mo bá fẹ́ fi òsì jù ú, mo padà sórí pápá, mo sì fi ọwọ́ òsì jù ú lójú gbogbo wọn. Ẹ̀rọ ka ogóje. Mo tún jù ú, ó tún ka ogóje.

Èmi ni ẹnì kẹta tí wọ́n pè nínú àwọn mẹ́jọ. Wọn kò tíì gbà mí tán o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n á fi wò mí, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án. Tí ẹ bá súre fún mi, n ó lọ tayọ̀tayọ̀. Tí ẹ kò bá súre, n ó ṣì lọ.

N kò sọ pé ẹ kò fẹ́ràn mi. Títí n ó fi kú, ọwọ́ ọ̀tún ni n ó máa fi fún àgbà ní nǹkan, kò sì ní tì mí lójú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ẹ dè yẹn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí Déọlá nídìí oúnjẹ, ó jókòó lé ọwọ́ òsì rẹ̀ kó má baà yọjú. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ kò tíì mú ọ̀já, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ tèmi. Inú bí mi, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Tí mo bá dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ bá mi wí bó ṣe wù yín. N ó dọ̀bálẹ̀, n ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni de ọwọ́ ọmọ yẹn.

Kí Ọlọ́run tí ẹ ń bọ́ bàtà wọlé tọ̀ ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Kí ẹ̀yìn yín san pátápátá. Kí ẹ jẹ èrè gbogbo àgbá tí ẹ ti gbé nítorí wa.

Èmi ni àkọ́bí yín,
Adéfọláhàn.

Àfikún: Àǹtí Folúkẹ́ ń bẹ̀rù pé ẹ kò ní lè ka lẹ́tà yìí, nítorí ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ sì ti kà á dé ibí.