Mo Kọ Ọ́ Sínú Fọ́ọ̀mù Wọn Pé Ó Ń Jò

Odo-Ape, nítòsí Kàbà,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹsàn-án, 1959.

Adédayọ̀ ọmọ mi,

Okun o. Mo ní kí n kọ́kọ́ kí ọ lọ́nà tiwa, kí àwọn ará Kàdúná má baà ti gbà á mọ́ ọ lẹ́nu. O kú iṣẹ́, o kú òjò, o kú àìrójú. Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ kò ní í gbàgbé rẹ síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ kò ní í kọ, ọ̀gá rẹ kò sì ní í bínú sí ọ ju bó ṣe yẹ lọ. Ara mi le, àfi eékún tó máa ń dùn mí bí òjò bá ṣú. Theresa ìyàwó rẹ ní kí n kí ọ dáadáa. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí o, kì í ṣe Tíṣà John tó máa ń bá mi kọ ọ́. Kíláàsì àwọn àgbà tí àwọn Hausa ń pè ní Yaki da Jahilci, oṣù kẹjọ tí mo ti ń lọ síbẹ̀ nìyí, nítorí náà ohunkóhun tí o bá rí kà níbí, inú mi ló ti wá, kò sí ẹni tó bá mi fi oyin sí i.

Mo gba lẹ́tà rẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbà kẹta ni mo tó bínú. O ní mọ́tò bàbá rẹ ti gbó, o ní rédíétọ̀ rẹ̀ tó ń gba omi dúró ń jò, o ní o ti ra òmíràn ránṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ìyẹn náà bá tún jò, kí a má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu mọ́, kí a ta mọ́tò náà fún Olúbọ̀dé tó ń ra irin àlòkù ní Ìyàrá. Adédayọ̀, a kò ní í tà á. Jẹ́ kí n tún un kọ kó lè dá ọ lójú pé kì í ṣe àṣìkọ: a kò ní í tà á. Bó bá jẹ́ pé ohun tó bá ti gbó tó sì ń jò ni kí a máa tà, ẹ tètè wá ná èmi náà, nítorí eyín mẹ́rin péré ló kù fún mi lókè, ojú mi ọ̀tún sì ti ń jò láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bàbá rẹ Jethro, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ra mọ́tò yìí lọ́wọ́ òyìnbó tó la ọ̀nà wa nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu, kì í ṣe pẹtiróòlù bíi ti àwọn mọ́tò kéékèèké yòókù. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọmọ lọ́rì ni, oúnjẹ lọ́rì ló ń jẹ, ohùn lọ́rì ló ní, kò kàn tíì dàgbà ni. Òun nìkan ni mọ́tò tó ń sùn ní Odo-Ape. Ìwọ tí mọ́tò ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ bí ewúrẹ́ lè gbàgbé, èmi kò gbàgbé ìdúnta, nígbà tí Theresa rọbí àkọ́kọ́, tí mọ́tò wà ní Lọ́kọ́ja níbi àtúnṣe, tí ọkùnrin mẹ́rin fi ibùsùn gbé e léjìká, tí ọmọ sì kú sí ọ̀nà kí a tó dé Kàbà. Mo ti gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ obìnrin nílùú yìí, mo mọ ibi tí agbára ọwọ́ mi mọ, nọ́ọ̀sì ọsibítù sì ti sọ fún mi pé oyún èyí náà kì í ṣe èyí tí a lè bí nílé. Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, oyún náà ti wọ oṣù kẹsàn-án. Ìyàwó tìrẹ ni, ọmọ tìrẹ ni, ìwọ náà lo sì ní kí n ta ẹsẹ̀ tó máa gbé wọn. Ó dùn mí gan-an ni.

Olúṣínà, àbúrò bàbá rẹ tó ń wa mọ́tò náà, ti sa ipá tirẹ̀. Ó da gààrí sínú rédíétọ̀, ó ní yóò wú, yóò sì dí ihò. Gààrí náà wú lóòótọ́, ó dí ibi tí kò jò, ibi tó ń jò sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bó bá tún ń hó, omi tútù láti inú odò ni wọ́n máa ń dà sí i, mo sì kígbe mọ́ wọn pé ta ló ń fún abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ní omi tútù, ẹ jẹ́ kó sinmi ná, kí ẹ wá fún un ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Olúṣínà ní mọ́tò kì í ṣe abiyamọ. Bíọ́dún mẹkáníìkì, ọmọ Ìsánlú tó ń ṣiṣẹ́ ní Kàbà, ló gbè mí lẹ́yìn, ó ní omi tútù lórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná lè la irin rẹ̀ sí méjì. Láti ọjọ́ náà, tí Olúṣínà bá fẹ́ bu omi, ó máa ń wo ojú mi ná.

Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pé ẹrù rẹ ti dé, èmi àti Bíọ́dún la jọ lọ sí ọ́fíìsì àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrù ní Kàbà. Rédíétọ̀ náà dúdú, ó ń dán bí ìkòkò tuntun. Akọ̀wé ibẹ̀, ọkùnrin kan tó so táì mọ́ ọrùn nínú ooru, gbé fọ́ọ̀mù síwájú mi, ó ní kí n tẹ ìka. Mo ní n kì í tẹ ìka mọ́, mo ti ń kọ orúkọ mi. Mo ní kí Bíọ́dún ka ohun tó wà níbẹ̀ fún mi, ó ní wọ́n kọ ọ́ pé èmi gba ẹrù yìí, ó pé, ó sì dára. Mo bi wọ́n pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ó dára nígbà tí kò tíì gba omi dúró lójú mi? Fada sọ fún wa pé irọ́ tí a fi ẹnu pa ń bá afẹ́fẹ́ lọ, èyí tí a kọ sílẹ̀ ń dúró de ọjọ́ ìdájọ́. Akọ̀wé ní bí gbogbo èèyàn ṣe ń fọwọ́ sí i nìyẹn. Mo ní ìyẹn wà láàárín àwọn àti Ọlọ́run, kó bá mi bu omi wá.

Ó kọ̀, èmi náà kọ̀, mo sì jókòó sórí àpótí ẹrù wọn. Nígbà tí àwọn tó wà lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, wọ́n gbé garawa omi kan wá. Bí mo ṣe ń dà á sí i lókè ló ń tú jáde nísàlẹ̀ sórí àwọn ìwé ọ́fíìsì, mo wá ké pé ẹ wá wò ó, ajere ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti Kàdúná! Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bíọ́dún ní ìyá, ẹnu tí a máa ki róbà bọ̀ nìyẹn, kò sí rédíétọ̀ tí kò ní in. Ojú tì mí díẹ̀, n kò ní í purọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n n kò dìde. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu náà pinpin, mo ní kó tún da omi sí i. Ẹ̀rín dá, Adédayọ̀. Omi ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí kò yẹ kí ẹnu kankan wà. Bíọ́dún fi èékánná ha ọ̀dà dúdú ibẹ̀, ó rí òjé àtijọ́ tó ti là lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó sọ fún ọ pé tuntun ni, àlòkù tí wọ́n kùn ló tà fún ọ.

Mo gba kálàmù lọ́wọ́ akọ̀wé, mo fa ìlà gba orí ibi tí wọ́n kọ pé ó dára, mo sì kọ Ó Ń JÒ sí i gàdàgbà, mo wá kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀. Ó ní mo ti ba fọ́ọ̀mù òun jẹ́. Mo ní ó ti bàjẹ́ kí n tó dé, èmi ló tún un ṣe. Mo gba ẹ̀dà rẹ̀ kan, òun ló wà nínú àpò ìwé yìí, gbé e tọ ẹni tó tà á fún ọ lọ, kó sì dá owó rẹ padà, má jẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ dídùn lé ọ.

A gbé rédíétọ̀ náà wálé. Bíọ́dún ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò, ó sì fi òjé tuntun jó ojú ibẹ̀ nílé alágbẹ̀dẹ, ó ní bó bá jẹ́ ojú ọ̀nà ló ti là ni, ẹ́ńjìnnì ì bá ti jóná. Lọ́jọ́ kejì ó tú róbà méjèèjì, omi àti gààrí Olúṣínà dà sílẹ̀, ó tú bóòtù mẹ́rin, ó gbé ògbólógbòó jáde, ó gbé èyí wọlé. Mo dúró tì í. Nígbà tó ń so róbà, mo ní kó so ìwọ́ náà le dáadáa. Ó ní kì í ṣe ìwọ́. Mo ní kó sáà so ó le. Wọ́n rọ omi sí i, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, a jókòó tì í títí ẹ̀kọ tí mo fẹ́ mu fi dì, omi kò kán sílẹ̀ rárá.

Wàyí o, fi pọ́n-ùn mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi, fún iṣẹ́ Bíọ́dún, fún róbà tuntun, àti fún ọṣẹ pẹ̀lú aṣọ funfun. Má jẹ́ kó gba báńkì kọjá. Mo gbọ́ pé ẹni tó bá fi owó sí báńkì kì í tún rí owó tirẹ̀ gan-an mọ́, owó ẹlòmíràn ni wọ́n máa kà fún un. Owó tí ìwọ fúnra rẹ fọwọ́ kàn ni mo fẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. N kò kọ ọ́ sókè nítorí mo mọ̀ ọ́, bí o bá ti rí i, o kò ní í ka ti rédíétọ̀ mọ́. Wọ́n ní kí n fi tẹligíráàmù rán an, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní owó tirẹ̀, kí n gé e kúrú, mo sì ní n kò ní í gé irú ọ̀rọ̀ yìí kúrú fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, ní ìyálẹ̀ta, Theresa bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, a sì gbé e sínú mọ́tò bàbá rẹ. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ òkè níbi tí wọ́n ti sọ ibùsùn kalẹ̀ níjọ́sí tí ọmọ kú, Theresa di ọwọ́ mi mú. Olúṣínà kò dúró. A gun òkè náà, omi kò hó, a sì dé ọsibítù ní Kàbà kó tó bí. Ọmọbìnrin ni, Adédayọ̀. Ó ń ké, ó ń mu ọyàn, ara ìyá rẹ̀ sì le.

Ọlọ́run tó fún ọ ní èyí yóò jẹ́ kó sin ọ́, kó sì sin èmi náà ṣáájú rẹ. O kò ní í sunkún ọmọ mọ́. Tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, kí o máa bọ̀ wá kí ọmọ rẹ. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ ní Kàbà, má wá ọkọ̀ mìíràn, Olúṣínà àti mọ́tò náà yóò ti máa dúró dè ọ́. Èmi náà á wà níbẹ̀. Iwájú ni mo máa jókòó, ẹ̀yìn ni tìrẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Magdalene Ìbítóyè.