Misturah, Wọ́n Pa Màlúù fún Ọ Lórí Afárá

Misturah, ọdún mẹ́ta ti kọjá tí o ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta! Èmi Olóyèdé ẹ̀gbọ́n rẹ, tí mo máa ń pa gbogbo ìlú Osi lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ti korò lẹ́nu mi.

Mujeebat ọmọ rẹ ti di nọ́ọ̀sì n'Ílọrin. Ìsọ̀ èlùbọ́ rẹ ṣì ń tà. A ti kan páànù ilé rẹ, ó ń dán débi pé ẹyẹ ń dijú kí wọ́n tó fò kọjá.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ṣe ọ́ ṣì ń rí mi lára!

Jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn egungun ló gbé ọ dé Íńdíà. Àwọn dókítà ibẹ̀ fa àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ, àwọn tó ń bá àìsàn jà, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ wọn ní ìjà kí àwọn tó dá wọn padà sí ọ lára. Wọ́n fún ọ ní oògùn oníhóró tí wàá máa lò nílé dìgbà náà. Dókítà là á mọ́lẹ̀: afárá lásán ni oògùn yìí, kí àìsàn má baà gbé ọ lọ kí àwọn ọmọ-ogun náà tó dé.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. O tún ń ro ọkà fúnra rẹ! Ni Bàbá Adégbìtẹ́, àbúrò bàbá wa, bá dé. Ikùn rẹ̀ ti wọ Osi, òun fúnra rẹ̀ ṣì wà ní Ìdòfin. Ó ní ká pa màlúù, ká ṣe sàráà ìwòsàn. Ẹni tó bá sì ti dúpẹ́ kò gbọdọ̀ gbé oògùn mì mọ́.

"Àbí Ọlọ́run lò ń ṣiyèméjì sí ni, Misturah?"

O bọ̀wọ̀ fágbà. O gbé oògùn tì.

Ìríra! Lọ́jọ́ sàráà náà, eṣinṣin gbogbo Kwara ló wá bá wa jẹun. Ọ̀rá ń kán tó, tó, tó ní àgbọ̀n àgbà náà, ó ń fi eegun tó ń fà tọ́ka sí ọ pé ara ti yá. Ìríra gbáà! Àìsàn padà bí àgbàrá. Nígbà tí Íńdíà pè pé àwọn ọmọ-ogun ti ṣetán, o kò lè jókòó mọ́. Wọ́n ní ara rẹ kò lè gbà wọ́n.

Lóṣù tó kọjá, Bàbá tún ń pọ́n ọ̀bẹ! Bilikis, ìyàwó rẹ̀ kékeré ní Obbo-Ilé, ló ní irú àìsàn rẹ, òun náà wà lórí afárá tirẹ̀, ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fúyẹ́. Mujeebat dí ẹnu ọ̀nà yàrá Bilikis.

"Bàbá, ẹ padà. Ìyá mi lẹ ti jẹ."

Ó bínú lọ. Bilikis gbé oògùn mì lójú wa. Ó ti wà ní Íńdíà báyìí, ó ń retí àwọn ọmọ-ogun tirẹ̀.

Misturah, a kò pa ohunkóhun lọ́dún yìí. Omi tútù la fi ṣe sàráà rẹ, a sì dárúkọ rẹ títí ohùn wa fi ha. A fẹ́ràn rẹ. Àárò rẹ ń sọ wá, ọmọ ìyá mi, ó ń sọ wá!