Èémí Tó Gba Èbúté Padà

Ràhmát ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni ẹ wà ní Kétu, ìwọ àti ọkọ rẹ? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín ṣì lójú títì, àmín. Ara wa le ní Agbóyì níbí, ewúrẹ́ ìyá rẹ sì ti bí ìbejì.

Mo rí obìnrin oníyóga, èyí tó ń kọ́ni bí a ṣe ń mí, tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù mi. Mo wẹ̀, mo wọ bùbá funfun kí n tó ṣí i, torí kò yẹ kó bá mi nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Mo kí i, kò dáhùn, mo gbà pé iṣẹ́ ló gbà á lọ́kàn. Ó ní ká fa èémí sínú, ká dá a dúró, ọkàn á sì rọlẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ àwọn ọ̀gá ni, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ má dán an wò. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún mòòkùn lọ sísàlẹ̀ odò Ògùn bu yanrìn! Bó ṣe ní kí n dá a dúró báyìí, ló bá yanu sílẹ̀, kò mira mọ́. Ìyá rẹ ní dátà ló tán, mo juwọ́ sí i pé kó má dà mí láàmú, ìdánwò ni.

Ọgbọ́n èémí yẹn ni mo gbé lọ sípàdé ẹbí ní Sátidé. O ṣáà mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti lé mi síta nítorí ariwo, tí Adéṣẹ́gun ọmọ àbúrò bàbá mi sì sọ èbúté wa di tirẹ̀. Wọ́n ní bí mo bá tún pariwo, ó ti gbà á nìyẹn. Ó dìde, ó pè mí ní arúgbó oníjà. Inú mi ru! Mo fa èémí sínú, mo dá a dúró, mo ń wò ó. Ara Adéṣẹ́gun ò gbà á, ó ń rojọ́ lọ, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, títí ó fi ní ṣebí bàbá òun kàn tọrọ ibẹ̀ lọ́wọ́ bàbá mi láti máa so ọkọ̀ ni. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ o! Mo wá mí jáde, wọ́n sì dá èbúté padà fún mi.

Jọ̀ọ́, tètè fi owó dátà ránṣẹ́. Obìnrin yẹn ò tíì mí látọjọ́ náà, àánú rẹ̀ ń ṣe mí.

Kí o sì wá lọ́jọ́ Àìkú. Olórí ẹbí bi mí pé orúkọ ta ni kí àwọn kọ sínú ìwé èbúté. Mo tún dá èémí dúró, ọkàn mi parọ́rọ́, ìwọ nìkan ni mo rí níbẹ̀. Wọ́n ní obìnrin kì í ni èbúté. N ò pariwo. Mo kàn ń wò wọ́n láìmí, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n kọ Ràhmát.

Ọlọ́run á jẹ́ kí o pẹ́ lórí rẹ̀. Wá fọwọ́ síwèé rẹ.

Èmi bàbá rẹ,
Àtàndá